Ìwé Hàlímọ̀tù Tí Mo Fi Orúkọ Mi Sí

Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Kí ó tó dákẹ́, ẹ gbọ́ òótọ́. Ìwé ìtàn àròsọ nípa ilẹ̀ Skọ́tíláńdì láyé àtijọ́, èyí tí ẹ fi mọ orúkọ mi, Mahmud olùkọ́, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Hàlímọ̀tù ni, aránṣọ Ọjà Tuntun.

Ilé kéwú ni ó lọ. Kò mọ ábídí. Yorùbá ni ó ń kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ni ó fi ń kọ ọ́, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Bí ó bá ń rán aṣọ mi, èmi a máa sọ ìtàn àwọn ọba Skọ́tíláńdì fún un. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin lé mi lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ bá mi dà á kọ sí lẹ́tà tiyín."

Ìtàn opó kan ni, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa ọkọ rẹ̀. Hàlímọ̀tù kò rí òjò dídì rí. Ó ní òkè ibẹ̀ dà bí òkè Sóbì ìlú wa tí ẹnìkan gbọn òwú lé lórí. N kò lè kọ irú rẹ̀ láéláé. Mo dà á kọ, mo fi orúkọ ara mi sí i, mo sì sọ fún un pé àwọn atẹ̀wé kò gbà á, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Rédíò ni ó tú mi fó. Wọ́n kà á níbẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó wá bá mi nílé ẹ̀kọ́, níwájú àwọn olùkọ́ yòókù.

"Tíṣà, òkè Sóbì mi nìyẹn!"

Mo na ìwé tí wọ́n tẹ̀ náà sí i. "Bí ó bá jẹ́ tìrẹ, kà á."

Mo mọ̀ pé kò lè kà á. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bí a ti ń ṣí Àlùkùránì.

"Ìyá aránṣọ, ẹ̀yìn lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" ni olùkọ́ kan wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó pa ìwé náà dé, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé kìíní ní àkọ́sórí. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Mo ní, "Orí rédíò ló ti gbọ́ ọ."

Ó wò mí. "Ó dáa, Tíṣà." Kò tún kọ nǹkan kan mọ́ títí tí ó fi kú.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn atẹ̀wé kí wọ́n yọ orúkọ mi. Lánàá, mo ránṣẹ́ pe Fìrdáúsì ọmọ rẹ̀, mo kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ó ṣí èkíní láti apá ọ̀tún, ó ń kà á sókè. Nígbà tí ó dé òkè Sóbì, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó dúró.

N kò ní ẹnu láti tọrọ àforíjì. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó máa kà á lọ.