Ìyá Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ́tò

Alhaja kan àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó níwájú mi nínú trotro, ọkọ̀ èrò, láti Nima ní Accra, wọ́n ń wo fọ́tò àdúgbò wọn tí ọmọ náà fi fóònù yà.

“Ó mà rẹwà o! Èmi wá ńkọ́?”

“Ẹ̀yin rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbí, Màmá, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.”

“Ẹ̀gbẹ́? Ogójì ọdún ni mo ti lò ní Nima, síbẹ̀ Alata, àlejò láti Nàìjíríà, ni wọ́n ṣì ń pè mí. Ìwọ náà tún wá gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́!”

“Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Títì yìí, gọ́tà yìí, wáyà iná tó wà lókè, ibo ni gbogbo wọn forí lé?”

Alhaja fi ìka tọ títì náà lọ, àfi bó ṣe kan ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀dọ̀ mi ni! Fi ránṣẹ́ sí wọn nílé, kí wọ́n wá wo àlejò tí gbogbo ọ̀nà ìlú ń wá kí.”