Ánkọ̀ Méjìlá Tí Mo Fi Di Ọ̀run Mú

Láti Ṣàngó Toll Gate títí dé Ìjókò, kí ẹ tún yà sí Agbára bí ẹsẹ̀ bá gbà yín, ẹ lọ wá òṣèré kan fún mi tó tíì mú ọ̀run dúró lójú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹ ò ní rí i. Èmi nìkan ni. Èmi Ọláníyan ọmọ Ìkirè, tí gbogbo yín mọ̀ sí Baba Gbàǹgbà, ni mo gbé ọ̀run kalẹ̀ nínú Ìjọ Òpó Ayọ̀, tí áńgẹ́lì mẹ́rìndínlógún jó lórí rẹ̀ títí aṣọ fi rin, tí ọ̀run ò sì sún kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fi ní kí n kọ ojú ewé díẹ̀ sínú ìwé ìrántí ìjọ, kí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà lè mọ ọgbọ́n tí mo dá. Ó dáa. Ẹ fa àga yín súnmọ́ tòsí. Ọgbọ́n kọ́ ni mo dá, olè ni mo jà. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan gbé ẹ̀rọ lé mi láyà, ó gbọ́, ó gbọ́, ó wá pe dókítà kejì pé kó wá bá òun gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣeré, kò sí ohun tí mo fẹ́ ju kí èèyàn máa pe ara wọn wá gbọ́ mi, ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹni tí dókítà méjì ń gbọ́ àyà rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ogun, kò yẹ kó tún gbé irọ́ sùn.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú ìgbà òjò, yunifásítì náà sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ibi tí o fi ṣe oko ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí, bí o bá padà dé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní kí o mú ìwé ẹ̀rí wá kí o tó wọlé. Fídíò ti pa ẹgbẹ́ alárìnjò tí mo bá kúrò nílé. Mo wá wà ní ilé iṣẹ́ ike kan ní Ṣàngó, mò ń fi ìdérí dé ìgò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Pásítọ̀ Ọ̀ṣìnúbí ló yọ mí. Ó ní, "Bùrọ́dà Gbàǹgbà, àwọn ìjọ ńlá ń fi ilé ńlá pe èèyàn. Àwa ò ní ilé ńlá. Ẹ bá wa fi eré pè wọ́n." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, màá gbé ọ̀run wá sí Ìjókò. Nùrẹ́nì ló bá mi kàn án, ọmọ Ọ̀tà, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ojú irin. Ó ní Mùsùlùmí ni òun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ló ni ọ̀run, iṣẹ́ sì ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ó ra irin reluwe àtijọ́ méjì lọ́dọ̀ àwọn onípàǹtí, ó tẹ́ wọn sórí igi tó dábùú, ó gbé ọ̀run, ìyẹn pèpéle onípákó tí àwọn áńgẹ́lì máa jó lórí rẹ̀, lé e. A mú kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síwájú kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí wúrà tí a fi kùn ún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí àwọn áńgẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ ijó, ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀. Kò kánjú o. Ó ń bọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ìwọ̀n ìka méjì, títí ó fi yẹ̀ lórí igi, tó sì da áńgẹ́lì mẹ́fà sí itan àwọn alàgbà. Ìyá kan kígbe pé, "Wọ́n ti dé o!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò fi ẹ̀rín sí. Ẹni tí kò bá ṣeré rí ò lè mọ irú ikú tí ìyẹn jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó lẹ́bàá ojú irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ronú ọ̀run mi. Ibẹ̀ ni Bàbá Dúrótoyè ti wá bá mi. Òun ló ń ṣọ́ ojú irin láti ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ní Ìjókò dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín láràárọ̀ pẹ̀lú òòlù ọlọ́wọ́ gígùn. Ó ń lu nǹkan kan lábẹ́ irin, kọ́-ìn, á dẹ orí sílẹ̀, á gbọ́, á tún lu òmíràn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí lẹ ń lù?" Ó ní, "Ánkọ̀ ni." Mo ní ṣé ti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "O rí omi níbí?" Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ rò pé irin yìí dúró lójú kan ni? Kò dúró o. Ó ń rìn. Bí ọkọ̀ tó rù bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ tó sì tẹ bíréèkì, á máa ti irin síwájú. Bí oòrùn bá mú, irin á tún gùn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni, ojú ò rí i. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, á kóra jọ síbì kan, á wọ́ bí ejò. Àwọn ìṣó tí ò ń wò yẹn, kí irin má yà sọ́tùn-ún sósì ni iṣẹ́ tiwọn. Kó má rìn lọ síwájú, ánkọ̀ ló ni ìyẹn."

Ẹ jẹ́ n yin nǹkan yìí dáadáa, nítorí olè tí kò mọ iyì ohun tó jí, ó jalè lásán. Irin kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò ní nọ́ọ̀tì, kò ní bóòtù, kò bẹ wẹ́dà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìka tó fẹ́ gbá nǹkan mú. Wọ́n á kì í bọ ìdí irin láti abẹ́, wọ́n á fi òòlù gbá a, á ké, á sì há. Èjìká rẹ̀ á wá ti igi tó dábùú lábẹ́ irin. Ó parí. Reluwe á máa gùn ún kọjá fún ogún ọdún, kò ní sọ pé ó rẹ òun, kò ní bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo ti bá òṣèré tó lé ní àádọ́ta ṣiṣẹ́, mi ò rí ẹyọ kan tó lè dúró síbi tí wọ́n fi í sí bẹ́ẹ̀ láìwojú èrò. Bàbá mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èyí tó há á dáhùn kọ́-ìn. Èyí tó ń dẹ̀ á dáhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun." Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wo ìrìn rẹ̀, bó ṣe ń fi orí gbọ́ irin bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ojú tí mo fi ń fẹ́ràn rẹ̀ náà ni mo fi ń ka ánkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jimọ́ọ̀ ni a lọ, èmi àti Nùrẹ́nì, ní déédéé ìgbà tí Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ wo ìwà ìkà: mo dúró kí èèyàn rere lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kí n tó jà á lólè, kí n lè fi di ọ̀run Ọlọ́run mú. Nùrẹ́nì ń fi òòlù gbá wọn bọ́, ó ń kùn. "Ẹ̀gbọ́n, mo pa Jimọ́ọ̀ jẹ nítorí ọ̀run tiyín. Bí wọ́n bá bi mí lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni màá nàka sí." Mo ní, "Nàka sí mi. Wàá bá mi lórí ẹ̀." Ó ní kí a má yọ wọ́n lójú kan kó má baà hàn, kí a máa fo igi mẹ́ta mẹ́ta. Bí a ti ń fò ó ni mo rí àwọn ibi tí kò sí ánkọ̀ rárá, tí ìdí irin ń dán níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá ló yọ wọ́n láti lọ tún wọn ṣe. Ohun tó bá rọ olè lọ́rùn ló máa ń gbàgbọ́. Méjìlá ni a kó. Ní ọjọ́ Àìkú, áńgẹ́lì jó, Gébúrẹ́lì fò sókè ó balẹ̀ gbì, ọ̀run ò mira. Ariwo ta. Láàárín oṣù méjì, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń gbé èrò wá láti Agbára. Pásítọ̀ Ọ̀ṣìnúbí bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọ̀run, ó fọwọ́ kan ánkọ̀ kan. Ó ní, "Irin yìí mà dáa o," bí ẹni tó kí ojúlùmọ̀. Kò bèèrè ibi tí mo ti rí i.

Oṣù Ẹrẹ́nà wọlé, oòrùn mú débi pé ewúrẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, irin wọ́ bí ejò gan-an bí Bàbá ti wí, wágọ̀nù ẹrù mẹ́ta lára ọkọ̀ náà sì ṣubú kúrò lójú irin. Ẹnikẹ́ni ò kú. Igbákejì awakọ̀ ṣẹ́ lápá, gbogbo Ìjókò sì tú jáde wá ṣàánú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kan lórí. Bàbá Dúrótoyè dúró lójú irin tó wọ́ yẹn, kò sunkún, ó kàn ń fọwọ́ pa á. Ó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé àwọn èèyàn ń yọ ánkọ̀, pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ti fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ayẹ̀wò kan dé láti Èkó láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí Bàbá ni kò rin ojú irin rẹ̀.

Ẹ dì mí mú báyìí, ibi tó burú jù la dé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìjọ ṣe ìdúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan ò lọ sí i. Pásítọ̀ pe ọ̀gá ayẹ̀wò, ó pe Bàbá Dúrótoyè àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Toyibat, wọ́n jókòó lẹ́yìn. Ó ní, "Baba Gbàǹgbà, ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀. Ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Ìyẹn nìkan ló sọ, kò ní kí n sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀gá yìí máa yẹ abẹ́ ọ̀run mi wò, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ nǹkan. Mo gbé òòlù, mo gun orí ọ̀run, mo di Bàbá Dúrótoyè. Mo mú ìrìn rẹ̀, mo mú ohùn rẹ̀, mo mú bó ṣe ń dẹ orí gbọ́ irin. Mo ṣe bí ẹni lu ánkọ̀ kan, mo gbọ́. Mo lu èkejì, mo yán. Níbi ẹ̀kẹta, mo sùn lọ fọnfọn lórí òòlù, mo ń hanrun, mo sì ń sọ lójú oorun pé, "Gbogbo wọn pé! Mo ti kà wọ́n lójú àlá!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù. Gbogbo ohun tí mo fi ìfẹ́ wò lára ọkùnrin yìí ni mo fi bà á jẹ́, mo sì dúró lórí ánkọ̀ méjìlá tí mo jí lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lè ṣe é. Ọ̀gá ayẹ̀wò yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́?" Onítọ̀hún ń nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí tiẹ̀ kéré!" Mo rí Bàbá láti òkè. Kò bínú. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ fún ìparí eré, ó kàn dẹ orí sílẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjókò sì fún un lórúkọ, Bàbá Oorun, orúkọ yẹn ló ń jẹ́ láti ogún ọdún wá. Ọkùnrin tí kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí láyé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kó ánkọ̀ méjèèjìlá sínú àpò ìrẹsì, mo lọ sílé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti sọ àpò kalẹ̀ tí irin kan ara wọn, ó dẹ orí sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí." Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ náà, nígbà tí o fẹsẹ̀ janlẹ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Inú ẹ̀rín yẹn? Ta ni ì bá gbọ́ mi?" Ó tún lu ọ̀kan. "Ọ̀run náà ò yẹ̀?" Mo ní, "Kò yẹ̀ rí, Bàbá." Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn, mo búra fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Mo máa ń sọ fún wọn pé irin náà dáa."

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbí. Mo ń bẹ gbogbo Ìjókò, ẹni tó bá tún pe ọkùnrin yẹn ní Bàbá Oorun, kó wá pè mí ní olè kó tó pè é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀fẹ̀ jẹun lórí fóònù, ẹ wo ohun tí ẹ dúró lé lórí kí ẹ tó pa ayé lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ba ojú irin yẹn jẹ́, èmi nìkan, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì tóbi tó èmi fúnra mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, pẹ̀lú omijé àti ọwọ́ méjèèjì lókè, bí mo ti máa ń parí eré. Ìyá Toyibat ń gbá ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó wo inú àpò náà, ó ní, "Ogójì ló sọnù. Ìwọ tó kó méjìlá nìkan ló tíì wá."