Ọlọ́dẹ Kan Ní Kí N Bá Òun Kí Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará, mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Orúnkún mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n fara ti àga yìí. Ẹ má sì máa ké Halelúyà lé mi lórí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun ijó, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Folúṣọ́, àbúrò mi. Ó kéré nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí. Ẹ mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí àgbà. Olè ni. Kì í ṣe èyí tó ń já báàgì gbà lójú títì o, olè tó kọ́ṣẹ́ ni. Sééfù, àpótí irin tí wọ́n ń kó owó sí, ló ń ṣí. Yóò gbé etí lé e, yóò máa yí nọ́ńbà ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ṣí. Bí mo bá bá a wí, á ní, "Àǹtí mi, mi ò mú ìbọn rí. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tí owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni mò ń bá mú níbẹ̀." Ìyẹn ló fi ń yangàn. Mo sọ, mo sọ, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án. Ó ní ọ̀gá òun ti rí iṣẹ́ ńlá kan, bí òun bá ti ṣe ẹyọ kan yìí, òun ti fi í sílẹ̀ nìyẹn. "Àǹtí mi, ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà."

Mo ní, "Àdúrà wo? Kí Ọlọ́run bá ọ di àtùpà mú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí pálọ̀, ó ní òun á dúró. Inú ààwẹ̀ ni mo wà. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Olúwa, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti sú mi. Bí o kò bá ní gbà á lọ́wọ́ mi, fún mi ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò wọ̀ ọ́ létí." Mo gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Dìde." Funfun ló wọ̀, mi ò lè wo ojú rẹ̀ tààrà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o, orúnkún ń dùn mí." Ó ní, "Níbi tí à ń lọ, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń rìn." Ẹ̀yin ará, mo rìn o, ó sì rẹ̀ mí.

A kọ́kọ́ dé ibi tí ooru ti ń rú jáde nínú ilẹ̀. Mo rí àwọn òpùrọ́ níbẹ̀, iná ń jó wọn, wọ́n ń pariwo pé iná ń jó àwọn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ń sọ pé irọ́ ni. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn ilé ara wọn, tí ohùn aya wọn ń dáhùn láti inú ilé pé, "A ò mọ̀ ọ́ níbí." Mo rí onílé kan tó ń sáré láti abẹ́ òrùlé kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, iná ń rọ̀ lé e lórí, gbogbo òrùlé tó bá sá sábẹ́ rẹ̀ ló ń ká kúrò. Mo ní kí ló ṣe. Ẹni tó mú mi lọ ní, "Ó lé opó jáde nínú òjò."  

Lẹ́yìn náà la wọ ilé gbọọrọ kan. Ibẹ̀ kò gbóná. Ó tutù, ó mọ́ tónítóní, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, oníkálukú pẹ̀lú sééfù níwájú rẹ̀, wọ́n gbé etí lé e, wọ́n ń yí i. Ẹni mi, aláṣọ funfun yẹn, ní, "Àwọn olè tí wọ́n ní àwọn ò pa ẹnikẹ́ni nìyí."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Wò ó."

Sééfù ẹnì kan ṣí, mo wò ó, yéè, orí ènìyàn ni, ojú ènìyàn ni, obìnrin kan ló ń wo ọkùnrin náà láti inú irin, kò bú u, kò sọ̀rọ̀, ó ṣáà ń wò ó, ọkùnrin náà fọwọ́ bojú, ọwọ́ náà kò bo nǹkan kan, ó ké, ó ké, ilẹ̀kùn irin náà padé gbàgà, ó sì tún gbé etí lé e, ó tún ń yí i, gbogbo sééfù ilé náà wá ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, ojú, ojú, ojú!

Mo di aṣọ ẹni mi mú. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n jìyà olè tí wọn ò jà ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n lù. Akọ̀wé tí wọ́n lé. Olè ti lọ, wọ́n sì nílò ẹni tí wọn ó mú."

Nígbà náà ni mo rí i pé ibì kan ṣófo. Sééfù wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ta ló ni èyí?"

Ó ní, "Ẹni tó ni ín ṣì wà ní pálọ̀ rẹ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ojú ta ló wà nínú rẹ̀? Ta ni Folúṣọ́ kó bá?" Ó ní, "Wá kí o rí òun fúnra rẹ̀."

Bí a ṣe jáde ni afẹ́fẹ́ yí padà. Ẹ̀yin ará, mi ò rí ilé góòlù o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ibi ìsinmi ni mo rí. Àwọn ènìyàn ti bọ́ bàtà wọn sílẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù jálẹ̀ ayé rẹ̀ jókòó, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Lábẹ́ igi kan, bàbá arúgbó kan sùn sórí ẹní, ó ń han-unrun. Ẹni mi ní, "Ọlọ́dẹ ni nílé ayé. Wọn kì í jẹ́ kó sùn."

Bàbá náà lajú, ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní Bàbá Àjàyí lorúkọ òun, ilé ìtajà góòlù lòun ń ṣọ́. "Olè jà níbẹ̀," ó ní, "wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ kó wọlé. Wọ́n lù mí, wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń wá. Ó bá mi tún rédíò mi ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá, a jọ ń jẹ ẹ́, á máa bi mí nípa iṣẹ́ mi, ìgbà tí mo ń dé, ìgbà tí mo ń lọ. Ọmọ dáadáa. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Ṣé kí n wá kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà? Àtìmọ́lé ni mo kú sí."

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ ọwọ́ tó tún rédíò yẹn ṣe.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti mú olè náà? Kì í ṣe torí tèmi o, tèmi ti bùṣe. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi lọ́mọ olè. Bí o bá sì rí ọmọ onírédíò yẹn, bá mi kí i. Sọ fún un pé mi ò dárúkọ rẹ̀."

Mo bẹ ẹni mi, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ níbí, ó ti rẹ̀ mí." Ó ní, "Wọ́n ti rán ọ níṣẹ́. Lọ jẹ́ ẹ."

Mo jí, omijé ti rin bẹ́ẹ̀dì. Mo bọ́ sí pálọ̀. Folúṣọ́ ti ń wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti gbà á?"

Mo ní, "Mo gbà á. Bàbá Àjàyí ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò dárúkọ rẹ."

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà kò sọ orúkọ yẹn létí mi rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún, ọ̀gá rẹ̀ ni, ó wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti dá bàbá náà sílẹ̀." Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ó dìde, ó ní, "Mo mọ ilé wọn."

A jọ lọ. Ìyàwó bàbá náà fò dìde bó ṣe rí i: "Áà! Onírédíò! Ọ̀rẹ́ bàbá! Ọlọ́run á bù kún ẹ, ìwọ nìkan lo rántí wa." Ó bu ìrẹsì fún un, ó wá ẹran díẹ̀ tó wà nínú ìkòkò lé e lórí. Folúṣọ́ kò fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀ níwájú oúnjẹ náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ni olè náà.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n pa á sí."

Ó lọ, èmi ni mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo tọ́ ọ, ó dùn mí wọ egungun.

Ìkìlọ̀ tèmi kò gùn. Ìwọ tí o ń sọ pé o kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, lọ béèrè ẹni tí wọ́n mú lẹ́yìn tí o lọ tán. Mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn Folúṣọ́, ẹ ó fẹ́ gbàdúrà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ gbàdúrà kó sọ gbogbo rẹ̀ tán.