Apá Bàlúù Tó Yọ Jáde

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ajah, níbi tí mo ti ń dúró de ṣòkòtò mi, ìyá kan tó wọ sùtánà funfun ń sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì í pé mọ́tò lòun máa wọ̀ lọ Àbújá, níbi tí ọmọ òun ti fẹ́ bímọ.

"Mi ò wọ bàlúù mọ́. Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́sí, mo rí ẹ̀yìn apá rẹ̀ tó ń yọ jáde, tó ń tẹ̀ wálẹ̀. Mo gbàdúrà títí a fi balẹ̀, ó sì padà sáyè rẹ̀. Ṣé èmi ni màá máa fi àdúrà tún bàlúù ṣe ni?"

Ọkùnrin náà, tó ní iṣẹ́ àtúnṣe bàlúù lòun ń ṣe, rẹ́rìn-ín. "Màámi, àdúrà yín gbà, àmọ́ awakọ̀ ló yọ ọ́, òun náà ló dá a padà. Eré ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé bàlúù. Tó bá fẹ́ balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dín eré kù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń mú kí apá rẹ̀ fẹ̀ sí i, kó má baà já bọ́."

"Ìgbà wo wá ni kí n pariwo?"

"Ìgbà tí kò bá yọ, Màámi."

Ìyá náà ní, "Ó dáa. Kí wọ́n gba ìjókòó ojú fèrèsé fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá. Màá máa ṣọ́ ọ."

Ó ṣe mí bíi kí n fi kún un pé bí kò bá tilẹ̀ yọ, awakọ̀ á ti mọ̀ ṣáájú ìyá náà. Ṣùgbọ́n Màámi ti rí iṣẹ́ ṣe nínú bàlúù, mo bá pa ẹnu mi mọ́.