Ohun Tí Mo Rí Nípa Bàbá Mi àti Bíbélì Alálàyé Wọn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, ohùn mi kò ní jáde. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo kúnlẹ̀ kí yín. Màmá mi tí ẹ rí lórí ìjókòó iwájú yìí, mo ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn nílé. Ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí kò dùn, n kò sì ní fi oyin sí i nítorí ẹnikẹ́ni.

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá mi, tí wọ́n kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ yìí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ mọ Bíbélì alálàyé wọn pẹ̀lú, ìwé ńlá aláwọ dúdú nì, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà lókè ojú-ìwé, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láàárín, tí àlàyé sì kún abẹ́ ìlà náà fọ́fọ́. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ rà á. Ẹni tó ń tà á kó oríṣiríṣi síwájú wọn: èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, èyí tí àwòrán ilẹ̀ Ísírẹ́lì wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí atọ́ka rẹ̀ ń mú ènìyàn láti ẹsẹ kan lọ sí òmíràn. Bàbá ò wò wọ́n. Wọ́n ní, "Èwo ni àlàyé rẹ̀ pọ̀ jù?"

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ti èyí pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ẹni náà sì le."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó le gan-an ni mo ń wá."

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi Ọláìdé náà. Ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ó sá wálé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ wú, kò lè fi ọwọ́ òsì gbé ife omi. Bàbá ò wo ojú náà. Wọ́n ṣí Bíbélì sórí itan, wọ́n kà á sókè pé obìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ, ìyà yòówù kí ó máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, Ọlọ́run ló kọ̀ sílẹ̀.

Ọláìdé ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú Bíbélì nìyẹn wà?"

"Kí lo rò pé mo mú lọ́wọ́? Ìwé ìròyìn?"

Ó na ọrùn kí ó lè rí i. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú-ìwé náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ka ohun kan náà níwájú ìjọ, ẹ̀yin náà sì dáhùn pé, "Àmín." Ọláìdé padà sílé ọkọ. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún wa. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ó ṣubú ni.

Nígbà tí Bàbá náà kú, ìjọ ní kí a sin Bíbélì yẹn mọ́ wọn, kí ó jẹ́ ẹ̀yẹ, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà nínú Bíbélì tèmi títí, n kò rí i. Mo rò pé bóyá n kò mọ̀ ọ́n wá ni. Ni èmi àti màmá mi bá gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, lórí ẹní nínú yàrá màmá mi, mo bi Ọlọ́run pé: ọ̀rọ̀ tí Bàbá kà fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tìrẹ ni? Bí mo ṣe ṣe Àmín báyìí, oorun gbé mi lọ.

Mo rí ẹnì kan tó dúró tì mí. Ojú rẹ̀ kò ṣeé tẹjú mọ́. Ó ní, "Dìde. Ìwọ lo béèrè."

A gba ọ̀nà eléérú kan, tí kò sí igi, tí kò sí afẹ́fẹ́. Mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ètè wọn ti bó fún òǹgbẹ. Bíbélì oníṣíìpù tí a fi wúrà kùn létí wà lọ́rùn kálukú wọn, ó wúwo, ó fà wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń tiraka láti ṣí i, ṣùgbọ́n ewé inú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bí pákó.

Amọ̀nà mi ní, "Wọ́n rà á. Wọ́n gbé e kiri. Wọn ò kà á."

Níwájú díẹ̀, àwọn alágbèrè, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń sá láti orí Bíbélì kan dé orí òmíràn, wọ́n ń wá ìtumọ̀ tí kò ní pe ẹ̀ṣẹ̀ wọn ní ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣí, iná á ta láti inú rẹ̀ sí wọn lójú. Mo mọ ẹnì kan níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa.

Mo ní kí a máa padà. Amọ̀nà mi ní, "Ohun tí o béèrè ṣì wà níwájú."

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn tí mo mọ̀, ohùn tó ń pe ẹsẹ Bíbélì bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, n kò mọ̀ bóyá síwájú ni àbí sẹ́yìn, ooru ń jó mi látẹsẹ̀, mo ń pariwo pé kì í ṣe wọ́n, Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ wọ́n, mo dé ibẹ̀, wọ́n sì ni, bàbá mi ni, nínú aṣọ tí a fi sin wọ́n, Bíbélì náà là sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, wọn ò lè jù ú nù, ojú wọn sì ń yí wálẹ̀ ṣáá sí abẹ́ ìlà, níbi tí iná ti ń jó.

Wọ́n rí mi. "Fúnmi! Fúnmi ọmọ mi, bá mi ka òkè yẹn. Ojú mi ò gòkè mọ́. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo sún mọ́ wọn, mo sì wò ó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà fún ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbólóhùn kan kò yẹ̀. Abẹ́ ìlà ló wà. Lókè, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni Ọlọ́run ń bá àwọn ọkọ sọ, pé kí wọ́n tọ́jú aya wọn bí ara àwọn fúnra wọn. Mo la ẹnu láti kà á fún wọn. Ni àtẹ́lẹwọ́ Bàbá bá dìde fúnra rẹ̀, ó sì bo ojú-ìwé náà.

"Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò!"

"Kò ṣeé gbé! Fúnmi, kò ṣeé gbé!"

Amọ̀nà mi ní, "Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni. Ó ka ohun tó wà lókè, ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run pe tìsàlẹ̀."

Ó fà mí kúrò. Igbe Bàbá ń tẹ̀ lé wa títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Mo rí àwọn ènìyàn níbẹ̀ tí wọ́n jókòó lábẹ́ ibòji, ara wọn balẹ̀. Bíbélì alálàyé wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, ẹnu sì yà mí.

Amọ̀nà mi ní, "Àlàyé kì í pani. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ gbọ́ ti Ọlọ́run, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi ẹsẹ kan wo òmíràn, kí wọ́n tó bi ọ̀mọ̀wé. Èyí tí ọ̀mọ̀wé bá sọ, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e mì."

Ọláìdé wà láàárín wọn. Ojú rẹ̀ ń dán, kò sí àpá. Ó ní, "Fúnmi, màmá ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà. Ó bi mí nípa gbogbo ará ilé. Kò bi mí nípa Bàbá. Mo wo amọ̀nà mi, ó ní, "Ó mọ̀." Mo fẹ́ di ẹ̀gbọ́n mi mú, ọwọ́ mi sì gbá ògiri yàrá. Mo ti jí.

Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò fún wọn. Wọ́n sunkún ayọ̀ nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Ọláìdé. Wọ́n ní, "Bàbá yín ńkọ́?" Wọ́n wo ojú mi, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Fúnmiláyọ̀, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ìjọ gbọ́."

Mo ní, "Màmá, ìjọ ló ṣe Àmín sí i."

Nítorí náà, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra Bíbélì alálàyé, kó rà á. Kó mú èyí tí èdè rẹ̀ yé e, tí ojú rẹ̀ sì lè kà. Kó béèrè ẹni tó kọ àlàyé inú rẹ̀ àti ohun tó gbàgbọ́. Kó ka orí ìwé látòkè délẹ̀ kó tó wo ohun tí ènìyàn sọ nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kà á fún yín, ẹ ní ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí i. Bí ó bá bínú, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilẹ̀, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ lè lé mi jáde lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n ìwọ obìnrin tí wọ́n ń lù nílé, tí wọ́n sì ní Ọlọ́run ló ní kó o gbà á mọ́ra, ilé kejì sí kànga ni èmi àti màmá mi ń gbé. Má dúró dé ọ̀la. Wá.