Ẹ̀rọ Pákí Tó Wà Lójúde Màámi

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti di ẹrù sí mi lọ́kàn. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n dìde jẹ́rìí nípa ẹ̀rọ kan tí a fún abúlé wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, ní London níbí. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó dìde, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ níbì kan.

Iṣẹ́ carer, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe ní Belvedere. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ nílé. Nígbà tí wọ́n ń wá abúlé tí wọ́n máa fún ní ẹ̀rọ ìlọpákí, èmi ni mo dárúkọ abúlé wa lẹ́bàá Ìwó. Mummy Adéṣọlá, olórí wa, bi mí pé, "Sister Bísí, ṣé kò sí ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀? A ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni o."

Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Ìyá Wúrà wà níbẹ̀. Opó ni. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń lọ pákí fún gbogbo abúlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tún un ṣe. Gàrí tí màámi tà fi rán mi níléèwé, ọ̀dọ̀ Ìyá Wúrà ni wọ́n ti lọ pákí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n máa nàka sílé wa pé ọmọ wọn tó wà ní London ló ṣe é. Ìgbéraga lásán ni, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn.

Ẹ̀rọ dé, wọ́n gbé e sójúde màámi. Torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ Ìyá Wúrà mọ́. Ó fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń bọ̀ láti Woolwich. Ó ní, "Bísí ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Jẹ́ kí n máa bá yín tọ́jú ẹ̀rọ yẹn. Kí wọ́n máa san nǹkan díẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá bàjẹ́."

Mi ò dá a lóhùn. Tí mo bá sọ fún ẹgbẹ́, wọ́n á bi mí pé ta ni Ìyá Wúrà.

Ó ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ n'Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí tiwa náà fi kọṣẹ́. Kò sówó àtúnṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ohun a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Àwọn tó ń yan gàrí ń ru pákí lọ sí abúlé kejì báyìí, àwọn míì ti pa iṣẹ́ náà tì. Màámi ń sáṣọ sórí ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ bá ti béèrè fídíò, màámi á kó aṣọ kúrò, àwọn obìnrin á tò yí i ká, wọ́n á jó, wọ́n á ṣàdúrà fún wa. Kò sí èyí tó sọ nínú wọn pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Wọn ò fẹ́ dójú tì mí.

Fídíò yẹn ni ẹgbẹ́ wò tí wọ́n fi fẹ́ ra òmíràn fún abúlé kejì. Ẹni kan wà níbẹ̀ náà tó ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹun. Mummy Adéṣọlá tún ti bi mí bóyá ẹnì kan ń ṣe é níbẹ̀. Mo ní màá wádìí.

Mo pe Ìyá Wúrà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bẹ̀ ẹ́. Ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó súre fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, mà. Ó ní, "A dúpẹ́ o. Ó kúkú yẹ kó ṣiṣẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?