Mo Dárí Ji Ẹni Tí Kò Ṣẹ̀ Mí

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nílùú Lọ́kọ́ja, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Mo ti di arúgbó báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìyá mi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, ìyá mi sì ti kú.

Ohun tí ó jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni èyí. Ní Iléyá tí ó kọjá, Ráṣídì, ọmọ ọ̀rẹ́ mi Sálíù, gbé itan àgbò wá fún mi bí ó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá rẹ̀ ló pa á láṣẹ fún un kí ó tó kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Ó ní, "Dọ̀bálẹ̀. Bàbá tí mo sọ fún ẹ nìyí. Àwọn ló dárí ji bàbá mi." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Mo gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, a se ẹran náà, mo sì jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Sálíù kò ṣẹ̀ mí rí.

Mo ti ṣe tíṣà díẹ̀ nílé wa ní Ìjùmú kí n tó wá sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí mo dé, iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni mo ń ṣe. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́lé yóò pè mí. Màá rìn yí ilẹ̀ náà ká. Màá béèrè ibi tí omi Odò Ọya máa ń dé nígbà tí ó bá kún, màá wo ibi tí àgbàrá ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lẹ́yìn náà ni màá sọ ibi tí ìpìlẹ̀ yẹ kí ó wà, àti iye pákó àti páànù tí yóò tó o. Mi ò kọ́lé, mi ò sì ta nǹkan kan. Ìmọ̀ràn nìkan ni mo ń tà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Sálíù ní tirẹ̀ ń ta pákó àti páànù ní àdúgbò Kabawa. Ìdílé wọn ti Ìlọrin wá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà ní Lọ́kọ́ja. Òun ló ní kí a pa iṣẹ́ wa pọ̀, kí n máa gba àwọn oníbàárà nímọ̀ràn, kí òun máa tajà fún wọn. Mo gbà. Ó lọ dáadáa, mi ò ní parọ́.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé ìjọba kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹnu yín ló ń sọ pé kí n ra páànù tó báyìí, àbí ẹnu ṣọ́ọ̀bù yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kí ọkàn mi má béèrè irú ìbéèrè kan náà. Mo fẹ́ padà sí iṣẹ́ ara mi.

Ẹ̀yin yóò sọ pé, kí ló dé tí mi ò kàn sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ilé Sálíù ni mo kọ́kọ́ sùn sí nígbà tí mo dé. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń ro ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Tí mo bá sọ pé mo fẹ́ dá dúró, wọn yóò béèrè ohun tí ó fi ṣe mí. Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Wọn yóò pè mí ní aláìmoore. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ó fi ṣe mí.

Aláwàdà ni Sálíù. Bí mo bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, yóò ní, "Kiriyó, ṣé ìgbín lo tún fi jẹun àárọ̀?" Èmi náà yóò ní, "Ìmàle, ààwẹ̀ mà mú ẹ sanra o." Bí a ṣe ń gbé nìyẹn.

Ìyá mi wá kí mi láti ilé. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, Sálíù sáré lọ gba ẹrù iṣu lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀.

Ó ní, "Háà, Màmá! Iṣu ńlá báyìí! Oko ta lẹ ti lọ jí i wú?"

Ìyá mi ní, "Oko àna ẹ ni! Ìwọ tilẹ̀ ti ní àna ni?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé Sálíù ń fẹ́ ọmọ ìdílé Ọ̀yọ́ kan nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú.

Mo ní, "Sálíù, ìyá mi lo pè lólè."

"Kiriyó, gbé iṣu jàre."

"Ìyá mi lo pè lólè lójú gbogbo ayé."

Ẹ̀rín kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ṣebí ó ń bá mi ṣeré ni." Mo ní kí ó wọlé.

Nínú ilé, ó tún sọ pé òun kò rí èébú kankan. Mo ti pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò, mo sì mọ̀ pé bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́. Mo fi í sínú lọ́rì kí wọ́n tó jókòó sọ́rọ̀ náà. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ní, "Mi ò mọ ohun tí o ń wá, ṣùgbọ́n má fi orúkọ mi wá a."

Bàbá Jímọ̀, tí ó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, ló ṣe alága wọn. Ó béèrè pé, "Ìyá náà dà?"

Mo ní, "Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró, Bàbá. Wọ́n ti padà sílé."

Àwọn àgbà mi orí. Sálíù nà gbalaja sórí yanrìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò fi "ẹ" pè mí rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n a ò lè jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo wọn ní mo jàre.

Bí mo ṣe padà sí iṣẹ́ ara mi nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń pè mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sálíù ní tirẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Abúyàá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ náà gbọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ọmọ fún ẹni tí ń pe ìyá oníyàá lólè. Ó fẹ́ ìyàwó níbòmíràn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Tí a bá pàdé lọ́nà, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà," yóò sì kọjá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iṣẹ́ ìmọ̀ràn náà fi sú mi, mo padà sí kíláàsì.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyàwó Sálíù ránṣẹ́ sí mi pé ọkọ òun ń ṣàìsàn. Mo lọ. Ráṣídì, tí ó ṣì kéré nígbà náà, jókòó ti ìyá rẹ̀.

Sálíù ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ Màmá yẹn. Nígbà yẹn, mo rò pé eré ni. Mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé ìkà wà nínú mi tí mi ò mọ̀. Ẹ foríjì mí."

Ó ti gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu mi. Ẹnu mi là lóòótọ́, mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, Sálíù."

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ń wo eṣinṣin tí ó bà lé etí ife. Kò dùn mí, kò sì tù mí lára. Mo lọ sílé, mo jẹun. Sálíù kú ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún Ráṣídì, yóò mọ̀ pé bàbá òun ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ inú sàréè. Bí mi ò bá sọ, ọmọ kékeré yẹn yóò máa rù ú lọ. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣòwò. Bí ó bá wù yín láti lọ, ẹ sọ pé ó wù yín. Kí wọ́n pè yín ní aláìmoore sàn. Ẹ má sọ ẹni tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ẹ tó lọ.